Abẹ́rẹ́ Kọ́ Ló Gún Aránṣọ

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó àti ẹ̀yin tí ẹ dúró, ẹ yá mi létí yín díẹ̀. Ìtàn aránṣọ kan ni mo fẹ́ sọ. Bí mo bá sọ ọ́ tán, kí kálukú fi ahọ́n yẹ ẹnu ara rẹ̀ wò.

Alábẹ́rẹ́-lẹ́nu ni àdúgbò ń pè é. Àwọn abẹ́rẹ́ olórí róbótó tí aránṣọ fi ń mú aṣọ dúró kó tó rán an, ètè ni tirẹ̀ ń gbé: méje, mẹ́jọ, lápá òsì, bí ẹni pé eyín mìíràn ló hù. Yóò máa fi apá ọ̀tún ẹnu bá oníbàárà jà pé kó dúró jẹ́ẹ́, ẹyọ kan ò sì ní jábọ́.

Lápá òsì yìí kan náà, lẹ́yìn ètè ìsàlẹ̀, ló ń ki áṣáà sí. Sìgá ló ń mu tẹ́lẹ̀, títí ikọ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Ìyàwó rẹ̀ bá a fà á, ó pa sìgá tì, ó bọ́ sórí tábà lílọ̀. "Èyí ò ní èéfín," ló máa ń wí. "Kí ló kù tó lè ṣe mí?" Ẹ̀gbẹ́ áyọ́ọ̀nù ló ń gbé agolo rẹ̀ sí, kó lè máa lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Nígbà tí egbò yọ níbẹ̀, kò dà á láàmú. Aránṣọ wo ni abẹ́rẹ́ kì í gún? Ó kó abẹ́rẹ́ lọ sí apá ọ̀tún. Egbò ò jinná. Ó fi omi iyọ̀ fọ ẹnu. Kò jinná. Oṣù mẹ́ta kọjá, ahọ́n rẹ̀ ò sinmi mọ́. Bó bá ń tẹ ẹ̀rọ, ahọ́n á lọ bẹ egbò wò; bó bá ń wọn aṣọ, á tún lọ, títí á fi gbàgbé iye tó wọ̀n.

"Bàbá àwọn ọmọ, kí lẹ ń jẹ láti àárọ̀?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Mi ò jẹ nǹkan kan."

"Ẹnu yín ò kúkú dúró."

"Abẹ́rẹ́ ni. Fi mí lọ́rùn sílẹ̀, jàre."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan wá dán aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ funfun wò. Aránṣọ kúnlẹ̀ síbi ìṣẹ́tí aṣọ, ó yọ abẹ́rẹ́ kan lẹ́nu, ó fi àtàǹpàkò nu ètè, ó sì fi ọwọ́ náà tẹ́ aṣọ. Àmì pupa jókòó sórí funfun.

"Ha! Bàbá, aṣọ mi!"

"Má bínú, ọmọ mi. Abẹ́rẹ́ ló gún mi."

"Níbo? Ẹ ya ẹnu."

"Ṣé aṣọ lo wá dán wò ni, àbí ẹnu mi?"

"Ẹ yà á, kí n tó pe ìyá."

"Mo ti wà níbí," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ya ẹnu. Nọ́ọ̀sì wò ó dáadáa. Abẹ́rẹ́ wà lápá ọ̀tún, egbò àti áṣáà wà lápá òsì.

"Ẹ kó abẹ́rẹ́ kúrò níbẹ̀," ni ọmọbìnrin náà wá wí, "ẹ wá fi áṣáà sílẹ̀?"

Nílé ìwòsàn, wọ́n gé bín-ín-tín lára egbò náà lọ yẹ̀wò. Ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n fi dúró de èsì, ẹ̀ẹ̀mejì ni aránṣọ rán ọwọ́ aṣọ ọ̀tún mọ́ apá òsì. Nígbà tí dókítà sọ pé jẹjẹrẹ ni, aránṣọ ní: "Àmọ́ mo ti fi sìgá sílẹ̀! Ṣé kì í ṣe èéfín ló ń fà á ni?"

"Èéfín ní tiẹ̀ nínú, Bàbá, àtẹni tó ń mu ún àtẹni tó jókòó tì í. Àmọ́ inú ewé gan-an ni májèlé kan wà. Náítírósámìnì là ń pè é. Bí wọ́n bá sá tábà, tí wọ́n mú un kan, ohun tó ń jẹ́ kó máa wu èèyàn á yí padà di májèlé náà. Bó bá wà níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó sì ní ọ̀rinrin, ó tún lè pọ̀ sí i. Ẹ wá ń ki í mọ́ ẹran ara kan ṣoṣo lójoojúmọ́."

Aránṣọ rántí ẹ̀gbẹ́ áyọ́ọ̀nù. Ó sunkún.

"Ẹ̀ bá ti tètè wá," ni dókítà fi kún un. "Egbò ẹnu tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì tí kò san, ẹ má bá a ṣàwàdà."

Wọ́n gé ètè ìsàlẹ̀ lápá òsì, wọ́n gé díẹ̀ lára egungun àgbọ̀n. Ó yè. Ṣùgbọ́n omi ń dà lẹ́nu rẹ̀ bó bá ń mu ún, ẹnu náà ò sì lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́.

Ẹ̀yin ará mi, bí ẹ bá ń fín in, bí ẹ bá ń jẹ ẹ́, bí ẹ bá ń mu ún, tábà náà ni. Ẹ má pààrọ̀ rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá nira, ẹ béèrè ìrànlọ́wọ́ nílé ìwòsàn lónìí, kì í ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìyàwó aránṣọ ló sọ ìtàn yìí fún mi nígbà tí mo lọ wọn ṣòkòtò. Ọkọ jókòó tì í, abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà lára tìmùtìmù kékeré tí ìyàwó rán sí i lọ́rùn-ọwọ́. Ibi tí obìnrin náà bá dúró nínú ìtàn, ọkùnrin náà á fìka tọ́ka sí ètè rẹ̀, pé kó máa sọ ọ́ lọ.