Ọ̀rọ̀ Tí Mojíbọ́lá Kò Jẹ́ Kí Ọkọ Rẹ̀ Sọ

Mojíbọ́lá ń ta iṣu ní Ùsò. Kì í pa ọjọ́ ìkórè jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n Jésù kò ráyè lọ́kàn rẹ̀. Owú Monica, ìyàwó kejì, ló kún ibẹ̀. Bí Monica bá bu omi fún ọkọ wọn, Mojíbọ́lá á dà á nù, á bu tirẹ̀.

Lọ́dún 1991, kókó kan yọ ní ikùn Ọbayẹmí, ọkọ wọn. Wọ́n là á ní ọsibítù kan ní Ọ̀wọ̀, ó tún hù. Nígbà tí Ọbayẹmí kò lè fọhùn mọ́, dókítà pe àwọn ìyàwó méjèèjì.

“Bí a bá tún un là, kò dájú pé yóò jí. Ǹjẹ́ ó ti sọ ohun tó fẹ́?”

Monica kúnlẹ̀. “Ó sọ ọ́, sà. Ó ní kí abẹ má kan òun mọ́. Ó ní ká gbé òun lọ sílé, kí òun kú sí yàrá òun.”

“Irọ́ ni!” Mojíbọ́lá ta bí ata. “Èmi tó fẹ́ nígbà tí kò ní ju àdá kan lọ kọ́ ló sọ fún, bí kò ṣe ìwọ àná-ló-dé! O fẹ́ kó tètè kú, kí o ráyè fẹ́ ẹlòmíràn. Dókítà, ẹ là á!”

“Ìyálé mi,” ni Monica wí jẹ́jẹ́, “ẹ̀yin ló kọ́kọ́ fẹ́ sọ fún. Ẹ kò jẹ́ kó sọ ọ́.”

Mojíbọ́lá rántí. Lọ́jọ́ kan, kí ohùn Ọbayẹmí tó lọ, ó jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, ó ní, “Ìyá Láníyì, bó bá di pé mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́...” Mojíbọ́lá yí ọwọ́ po orí, ó tàka dànù: “Ikú ò gbọ́! Ẹ ò ní sọ̀rọ̀ ikú nínú ilé tí mo wà.” Nígbà tí ọkọ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, Mojíbọ́lá tún tàka. Ó rò pé ìfẹ́ ló mú òun ṣe bẹ́ẹ̀.

“Báwo ni ìwọ ṣe lè fara dà á láti gbọ́ ọ?” ni ó bi Monica.

“Ẹ̀rù bà mí, ìyálé mi. Ṣùgbọ́n mo mọ Ẹni tó kú, tó sì jíǹde. Jésù ló jẹ́ kí n lè jókòó tì í. Yóò gba ẹ̀yin náà.”

Ilẹ̀ ọsibítù níbẹ̀ ni Mojíbọ́lá wólẹ̀ sí. Ó jẹ́wọ́ owú rẹ̀ fún Ọlọ́run, ó bẹ Jésù kó gba òun. Nígbà tó dìde, ó ní, “Dókítà, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sílé.”

Ní yàrá Ọbayẹmí ní Ùsò, Mojíbọ́lá gba ife lọ́wọ́ Monica, ó fi omi inú rẹ̀ kan ètè ọkọ wọn. Ó fi ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀.

“Bàbá Láníyì, ẹ sọ ọ́ wàyí. Mò ń gbọ́.”

Ètè rẹ̀ mì. Ohùn kò jáde.

Ìwọ tó ń ka èyí, Jésù ti ń fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ ikú rẹ, ìwọ sì ń tàka. Ta ni ò ń jowú rẹ̀ tí o kò fi ráyè gbọ́? Ohùn Jésù kò ní lọ. Tìrẹ ló lè lọ. Kúnlẹ̀ lónìí, nígbà tí o ṣì lè pè é.