Aṣọ Pupa tí Àwọn Ọmọ Fi Dìbò ní Kíláàsì

Ìyáalé ń ránṣọ, ìyàwó ń dirun. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló fẹ́ wọn, inú ọgbà kan náà ni wọ́n sì ń gbé. Ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan ni wọ́n bí, àwọn ọmọ náà sì jọ wà ní kíláàsì kan ní ilé-ìwé ìjọba.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ onídìrí sáré wọlé.

"Màámi! Wọ́n dìbò yàn mí! Èmi ni agbẹnusọ kíláàsì wa!"

Onídìrí ju òòyà sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. "Olúwa, mo dúpẹ́! Ìyáalé mi, ẹ wá bá mi yọ̀ o!"

"Mò ń yọ̀," ni aránṣọ wí, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wa máṣíìnì bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ọmọ tirẹ̀ náà du ipò ọ̀hún, ṣùgbọ́n wọn ò yàn án. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ijó náà.

"Ṣebí ìwọ lo mọ̀wé jù ú lọ?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Ìbò ni wọ́n dì, Màámi, wọn ò ka máàkì. Tíṣà ní ká pín ara wa sí ẹgbẹ́ Ṣíbí àti ẹgbẹ́ Àwo. Ẹgbẹ́ kan so aṣọ búlúù, ẹgbẹ́ kejì so pupa. Ó dùn gan-an!"

Kò dùn mọ́ ìyá rẹ̀ rárá. Ó rántí pé ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀ ni tíṣà ti ń dirun. Nígbà tí oníbàárà kan wá gba aṣọ, ó ní, "Irun ni wọ́n fi ra ipò yẹn o." Ó wá sọ bí wọ́n ṣe dìbò.

Oníbàárà pàtẹ́wọ́. "Pupa kẹ̀? Ẹ̀yin ò mọ ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń lo pupa? Wọ́n ti ṣòfin báyìí. Tíṣà tó bá ń polongo ẹgbẹ́ òṣèlú nílé-ìwé, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀!"

Aránṣọ rí ohun tó ń wá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi pé tíṣà ń polongo ẹgbẹ́ òṣèlú fún àwọn ọmọ. Nígbà tó fi di ọ̀la, àwọn òbí kan ti ní kí ọmọ wọn má jókòó ní kíláàsì yẹn mọ́. Òun fúnra rẹ̀ gbọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé.

Ọ̀gá ránṣẹ́ pe tíṣà. Ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pọ̀ ni. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ẹ jókòó, madaamu," ni ọ̀gá wí. "Òótọ́ ni pé òfin wà, àmọ́ ìdajì rẹ̀ lẹ gbọ́. Òfin pa á láṣẹ pé ká kọ́ gbogbo ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìbágbépọ̀ àti ojúṣe ọmọ ìlú. Ká kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dìbò, àti bí èèyàn ṣe ń fìdí rẹmi láìjà. Ohun tó kà léèwọ̀ ni kí tíṣà máa sọ fún wọn pé ẹgbẹ́ òṣèlú báyìí ló dáa, tàbí kó kó wọn lọ síbi ìpolongo. Òfin yẹn kan náà ló ní kí òbí mọ ohun tí à ń kọ́ ọmọ rẹ̀, kó sì fẹjọ́ sùn bí nǹkan bá wọ́. Tí ẹ bá fẹjọ́ yìí sùn, màá gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́. Tíṣà á kúrò ní kíláàsì títí wọn á fi dájọ́. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ rí i ni, àbí wọ́n sọ fún yín?"

"Wọ́n so aṣọ pupa!"

"Ta ló so ó?"

Aránṣọ kò tíì béèrè ìyẹn lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

Tíṣà rọra fọhùn. "Ọmọ yín ni, mà. Òun ló kó èéjá aṣọ wá láti ṣọ́ọ̀bù yín, ó fún ẹgbẹ́ kejì ní búlúù, ó sì mú pupa fún ẹgbẹ́ tirẹ̀. Pupa ló fìdí rẹmi."

Aránṣọ mọ aṣọ náà. Àgékù aṣọ ẹgbẹ́ akọrin tó rán ni.

"Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyàwó mi ló ti ń dirun!"

"Ọ̀dọ̀ rẹ̀ lèmi náà ti ń dirun," ni ọ̀gá wí. "Ṣé kí n bá a dúró síbi ògiri ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ bọ́ lẹ́nu tíṣà, ó gbé e mì.

"Madaamu, kí ló ń dùn yín gan-an?"

Omi lé sójú aránṣọ. "Ijó tó jó ni, ọ̀gá. Ó ń jó lójú mi, ọmọ tèmi sì dúró bí ẹyẹ tí òjò pa."

"Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ ìgbìmọ̀," ni ọ̀gá dáhùn jẹ́jẹ́. "Ẹ gbé e tọ Ọlọ́run lọ. Ṣé kí n gbé ti tíṣà lọ, àbí kí n má gbé e lọ?"

"Ẹ má gbé e lọ. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì yín, mà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí kò wá sí kíláàsì mọ́ ńkọ́?"

Aránṣọ padà sídìí ẹ̀rọ omi. Ọ̀rọ̀ tó yá a lẹ́nu lánàá wúwo lẹ́nu rẹ̀ lónìí. "Irọ́ ni mo pa. Ìlara ló ń ṣe mí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ padà sí kíláàsì." Àwọn kan fi í rẹ́rìn-ín, ọ̀kan pòṣé. Kò kúrò níbẹ̀ títí ó fi sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó ti sọ tàkọ́kọ́ fún.

Kò yọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, ó jẹ́wọ́ fún òun náà. Onídìrí gbọ́ tán, ó bú sẹ́kún, ó sì dì mọ́ ọn. "Ìyáalé mi, ǹ bá mọ̀, ǹ bá fa ọmọ yín wọ inú ijó náà."

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, ti gbogbo wa ni òfin tó de ẹ̀kọ́ ọmọ ìlú. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ yín. Ẹ lọ fojú ara yín rí i. Bí olùkọ́ bá ń polongo ẹgbẹ́ òṣèlú lóòótọ́, ẹ má ṣe dákẹ́. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé ni kí ẹ gbé e lọ, kì í ṣe ìdí ẹ̀rọ omi. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dìde, ẹ kúnlẹ̀ ná, kí ẹ yẹ ọkàn yín wò níwájú Ẹlẹ́dàá. A kò ṣe òfin láti fi na ẹni tí ayọ̀ rẹ̀ ń dùn wá.