Báàjì Tí Mo Gbé Kọ́ Sára Ìṣó

"Fà á sínú! Má mí! Má mí o, ó ku díẹ̀... Ó yá, máa mí lọ, o ò ní í kú."

Ohùn ọ̀gá mi nìyẹn, láti ẹ̀yìn ògiri yàrá ẹ́kísíréè tí a ti jọ ṣiṣẹ́. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n bí ilé bá dákẹ́ níbi tí mo wà yìí, mo ṣì máa ń gbọ́ ọ. Aláìsàn á fi àyà ti pákó tútù, ọ̀gá á kígbe, ẹ̀rọ á kùn, yóò dún "tà!" Ó ti parí. Kò tó àkókò tí èèyàn fi ń sín.

Èmi ni mo máa ń to aláìsàn síwájú ẹ̀rọ, èmi náà ni mo sì ń fọ fọ́tò. Gbogbo àwa òṣìṣẹ́ ibẹ̀ la ní báàjì kékeré kan, kò ju páálí ìṣáná lọ. Kì í ṣe ti oge. Fíìmù wà nínú rẹ̀ tó ń fi hàn bí ìtànṣán ẹ̀rọ, tí àpọ̀jù rẹ̀ ń ṣe ara léṣe, tó kan òṣìṣẹ́ ti pọ̀ tó. Lóṣooṣù, wọ́n á kó o lọ yẹ̀ wò. Òfin rẹ̀ kò le: fi sí àyà bí o bá ń ṣiṣẹ́; bí o bá ṣíwọ́, mú un jáde kúrò nínú yàrá ẹ̀rọ.

Ìgbà mẹ́ta ni ọ̀gá bá tèmi lórí ìṣó nínú yàrá ẹ̀rọ, lára aṣọ òjé tí a fi ń dáàbò bo ara.

"Ọkùnrin yìí, ṣé ìṣó la gbà síṣẹ́ ni, àbí ìwọ?"

"Ẹ má bínú, mà."

"'Ẹ má bínú' yìí ti sú mi. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹrin, iwájú àwọn aláṣẹ lo ti máa sọ ọ́."

Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo gbà. Ayọ̀ ìsinmi kò jẹ́ kí n rántí báàjì. Ó wà lórí ìṣó, nítòsí ẹ̀rọ gan-an, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì ń ya fọ́tò láràárọ̀. Mo dé, mo yọ ọ́, mo fi sí àyà bí ẹni pé kò sí nǹkan.

Nígbà tí ìwé àyẹ̀wò dé, iye ìtànṣán tó wà lórí orúkọ mi ga ju ti àwọn yòókù lọ ní ìlọ́po ogún. Ọ̀gá pè mí.

"Níbo ni báàjì ẹ wà lóṣù tó kọjá?"

"Àyà mi ni, mà."

Irọ́ náà kò tó ọ̀rọ̀ márùn-ún. Wọ́n ní kí n má sún mọ́ ẹ̀rọ mọ́, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi yẹ̀ wò, wọn kò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti gbọ́. Ó ká ọwọ́ lérí: "Wọ́n ti fi ẹ̀rọ mu ọmọ mi lẹ́jẹ̀!" Àbúrò mi obìnrin, aránṣọ tí a ń pè ní Abẹ́rẹ́ nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹnu rẹ̀ sì mú, ń gbé omi ìwẹ̀ fún mi. Ojú ń tì mí, àánú tí wọ́n ń ṣe mí sì dùn mọ́ mi. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Kò pẹ́, mo rìnrìn àjò, n kò sì padà mọ́.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ Abẹ́rẹ́, tó jẹ́ olùkọ́, pè mí lórí fóònù.

"Bàbá, màmá mi ti ń wúkọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n ti rù. Wọ́n ń làágùn lórí ibùsùn bí ẹni tí òjò pa. Dókítà ní kí wọ́n lọ ya fọ́tò àyà, wọ́n ní àwọn ò lọ. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ló sì ń sùn tì wọ́n. Ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yẹn."

Mo ní kó gbé fóònù fún ìyá rẹ̀.

"Abẹ́rẹ́, wọ́n ní o ń wúkọ́."

"Ẹnu ọmọ yìí ń jò bí ajere. Eruku aṣọ ni, Bọ̀ọ̀dá mi." Ikọ́ gbà á. Mo dúró títí ó fi rọlẹ̀.

"Eruku wo ló ń ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́fà? Lọ ya fọ́tò."

"Ẹ̀yin gan-an lẹ ń sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rọ tó mu ẹ̀jẹ̀ yín, tó lé yín dé ìdálẹ̀, ni kí n lọ fi àyà kàn? Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá. Ẹ̀yin lejò bù jẹ, èmi ni mo ń bá yín sá. Àbí irọ́ ni wọ́n pa fún wa ni?"

Ìgbà tó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, mo pa fóònù.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni olùkọ́ fi ìròyìn kan ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ dá ọ̀gá mi àtijọ́ àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tí wọ́n jọ ṣèwádìí lọ́lá. Wọ́n wá ọ̀nà tí a ó fi máa ya fọ́tò àyà ọmọdé pẹ̀lú ìtànṣán díẹ̀ péré, tí àwòrán yóò sì mọ́. Mo wá nọ́ńbà ọ̀gá títí mo fi rí i.

"Ẹ kú oríire, mà. Èmi tí mo máa ń to aláìsàn fún yín ni."

"Oníṣòó! O ṣì wà láyé?"

Mo ròyìn Abẹ́rẹ́ fún wọn. Wọn kò jẹ́ kí n parí.

"Ikọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ara ń rù, òógùn ń bò ó, ìwọ wá ń kí mi kú oríire? Ó lè jẹ́ ikọ́ ife. Kó lọ ya fọ́tò, kí wọ́n sì yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò. Ìtànṣán inú fọ́tò àyà kan kò ju èyí tí ilẹ̀ àti òfuurufú ń fún gbogbo wa láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Kí ló ń bà á lẹ́rù?"

"Èmi ni, mà. Báàjì yẹn..."

"Mo mọ̀. Bí báàjì bá wà láyà ẹni tó ń rìn, òjìji àwọn irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ máa ń rí wúruwùru lórí fíìmù. Tìrẹ hàn kedere. Ohun tó kọ́ sójú kan ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo fẹ́ pè ẹ́, wọ́n ní o ti lọ." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Gbogbo ayé ń yìn mí pé mo dín ìtànṣán kù. Ẹni tó ń bẹ̀rù tí kò wá, kí ni mo fẹ́ dín kù fún un? Lọ sọ òótọ́ fún àbúrò ẹ."

Mo jókòó ti fóònù. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Èyí ni mo fi ránṣẹ́:

"Abẹ́rẹ́, àbúrò mi. Ẹ̀rọ kankan kò mu ẹ̀jẹ̀ mi rí. Báàjì mi ni mo gbàgbé sórí ìṣó nínú yàrá ẹ̀rọ, èmi alára wà nílé, mò ń sùn. Mo parọ́ nítorí ìtìjú, mo sì jẹ́ kí màmá sunkún lásán. Jọ̀wọ́, dárí jì mí. Ikọ́ tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, ilé ìwòsàn ló kàn. Lọ lọ́la. Bí fọ́tò àtijọ́ bá wà nílé, mú un dání. Bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi fẹ́ yà á, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún ọ. Má jẹ́ kí ọmọ rẹ bá ọ wọ yàrá ẹ̀rọ bí wọn kò bá ní kó wọlé. Obìnrin tó bá sì rò pé òun lóyún, kó sọ fún wọn kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ ikọ́ ife ni, oògùn rẹ̀ wà, àìsàn náà sì ń lọ bí a bá lo oògùn náà parí. Kí àwọn ọmọ má sùn tì ọ́ títí wọn yóò fi yẹ̀ ọ́ wò, kí wọ́n yẹ àwọn náà wò. Ní kí olùkọ́ ka ọ̀rọ̀ yìí sókè fún gbogbo ilé. Bí ẹnikẹ́ni bá bú mi, má gbèjà mi. Ṣáà lọ."