Aṣọ Tó Wà Lórí Ẹ̀rọ

"Ẹ kó aṣọ mi fún mi! Bó ṣe wà yẹn ni kẹ́ ẹ kó o, ẹ má rán an mọ́!"

Ìyàwó bíríkìlà ló ń lu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù télọ̀ bí ẹni pé ilé ń jó. Nínú yàrá ẹ̀yìn, Onífídíò gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọmọbìnrin náà nílé ìwé nìyẹn, nítorí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Télọ̀ yìí, àbúrò ìyá rẹ̀ ni, òun ló sì ń tọ́ ọ.

"Ìyàwó wa, kí ni mo ṣe yín?" Àǹtí bèèrè.

"Mo rí aṣọ mi nínú fídíò! Aṣọ aláwọ̀ ewé tí ẹ ò tíì rán ọwọ́ rẹ̀ kan mọ́ ọn, òun ló wà lórí ẹ̀rọ. Ẹni tó jókòó tì í ń wú ikọ́ ife! Mo lọ́mọ ọwọ́ nílé o!"

Yéè! Onífídíò di ẹnu ara rẹ̀ mú.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ọmọ náà kì í ṣe ìkà. Nọ́ọ̀sì àdúgbò ló ní kí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ìwé ṣe fídíò kékeré lórí ikọ́ ife, kí àwọn tó ń fi í pamọ́ lè jáde wá gba oògùn. Ó sì kìlọ̀ fún wọn: "Ẹ fi eré ṣe é. Bí ẹ bá máa lo ìtàn ẹnikẹ́ni, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí onítọ̀hún sì kọ́kọ́ wò ó kó tó kan ará ìta."

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń ṣeré, ikọ́ tí wọ́n ń wú dà bíi ti ewúrẹ́ tí iṣu há lọ́fun. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí. Ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà nítorí ẹnu rẹ̀, bá ní, "Ṣebí Àǹtí ẹ ń wúkọ́? Ya ti gidi. Pa ojú ẹ̀ rẹ́, ta ló máa mọ̀?"

Àǹtí ń gba oògùn ikọ́ ife ní bòókẹ́lẹ́ lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì yìí. Onífídíò gba ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnnì ya á. Ó pa ojú rẹ́ dáadáa, kò rántí aṣọ tó wà lórí ẹ̀rọ. Obìnrin wo ló máa rí aṣọ ara rẹ̀ tí kò ní dá a mọ̀? Wọ́n sì ti fi fídíò náà ránṣẹ́, ó ti wọ fóònù gbogbo àdúgbò.

Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwọn oníbàárà ti kó aṣọ wọn lọ tán. Àǹtí jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, kò sí nǹkan tó fẹ́ rán.

"Nọ́ọ̀sì yẹn ló tú àṣírí mi," ó ní. "Yàtọ̀ sí ìwọ, òun nìkan ló mọ̀. Ìwọ ọmọ mi ò sì lè ṣe é. N ò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé ìwòsàn wọn mọ́. Kí wọ́n máa mu oògùn wọn!"

Onífídíò lọ bá Lọ́yà. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá já oògùn ikọ́ ife sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, àìsàn náà lè padà le ju ti tẹ́lẹ̀, ó sì lè pa á.

"Panu mọ́," Lọ́yà sọ fún un. "Jẹ́ kí nọ́ọ̀sì ru ẹ̀bi náà."

Ó panu mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ikọ́ náà ń le sí i. Lọ́jọ́ kan, Àǹtí ò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́ nítorí ikọ́. Ẹ̀rù ba Onífídíò débi pé ó sáré lọ bá nọ́ọ̀sì, ó sì fi ẹkún sọ gbogbo rẹ̀.

"Mo lè gbé oògùn wá sílé," nọ́ọ̀sì ní. "Ṣùgbọ́n òótọ́ yẹn, ẹnu ẹ ló ti máa jáde."

Bí Àǹtí ṣe rí nọ́ọ̀sì lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Onífídíò wólẹ̀ sáàárín wọn.

"Àǹtí, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Èmi ni mo ya yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kú!"

Àǹtí ò lù ú, kò ṣépè. Ó ṣí ilẹ̀kùn padà. Ó bẹ nọ́ọ̀sì, ó gba oògùn, ó sì gbé e mì lójú wọn.

"Oògùn ni mo gbà o," ó sọ fún Onífídíò. "Ẹ̀bẹ̀ ẹ, n ò tíì gbà á."

Onífídíò pa fídíò náà rẹ́ lórí fóònù tirẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa bá a pa ti àwọn ẹlòmíràn rẹ́? Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ó dára kí ẹ fi fídíò kọ́ aráyé nípa ìlera. Àmọ́ ẹ má fi ìtìjú ẹnì kan wá ìwòsàn fún ẹlòmíràn. Ẹ tọrọ àyè.

Ara Àǹtí ti ń yá báyìí. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí ikọ́ bá fẹ́ mú un, ọwọ́ Onífídíò ló kọ́kọ́ máa ń wò, bóyá fóònù wà níbẹ̀.