Ẹni Tó Ń Tọ́ Búrẹ́dì Wò

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Abdulmuiz, ó bu búrẹ́dì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ààrò, ó jẹ ẹ́, ó fajú ro.

"Àǹtí, iyọ̀ ò tó."

Inú bí mi. Ta ló ń pè ní àǹtí? Àmọ́ nígbà tí mo tọ́ ọ wò, òótọ́ ló sọ. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ẹ̀ ti kó sí mi lórí.

Bàbá ẹ̀, Alhaji Ṣàíbù tó ní èjí láàárín eyín iwájú, ló dá ilé búrẹ́dì wa sílẹ̀ ní Pápá Àjàó. Láràárọ̀, búrẹ́dì àkọ́kọ́ á lọ sórí tábìlì wọn. Tí wọn ò bá tíì tọ́ ọ wò, ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ gbéra. Ìdí tábìlì yẹn náà ni wọ́n kú sí, òkèlè búrẹ́dì wà lọ́wọ́ wọn.

Abdulmuiz di ọ̀gá àgbà. Ó gbé ọ́fíìsì lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò wọ yàrá bàbá ẹ̀ mọ́. Àwa ò jáwọ́ nínú àṣà: a ṣì ń gbé búrẹ́dì síbẹ̀, a ń ti ilẹ̀kùn. Tí a bá padà dé, wọ́n á ti gé e jẹ. Ẹ gbọ́ mi o, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló wà, ọwọ́ mi ló sì wà! Mi ò sọ fún Abdulmuiz.

Láàárín ọdún méjì, ọjà dàrú. Wọ́n ń dá búrẹ́dì wa padà láti Àgùdà títí dé Èbúté Mẹ́ta. Olólùfẹ́ mi pààrọ̀ ọ̀rá tí a fi ń di búrẹ́dì, ó pààrọ̀ ẹ̀rọ, ó lé awakọ̀. Fúláwà tuntun tó ń rà korò. Mo wí, wí, wí.

"Aneesah mi, kí ló kù tí mo lè ṣe?"

"Wá jẹ búrẹ́dì, Abdul mi."

Á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: láti ọjọ́ tí bàbá ẹ̀ ti kú, kò fẹnu kan búrẹ́dì mọ́.

Àǹtí Àmúdàtù, àbúrò Alhaji, pe ẹbí jọ láti pinnu bóyá kí Abdulmuiz ṣì máa ṣe ọ̀gá. Wọ́n ní kí èmi olórí ìdí ààrò wá sọ ohun tí mo rí. Oṣù kan ló kù kí a so yìgì wa. Tí mo bá sòótọ́, ọkọ lè lọ. Tí mo bá purọ́, iṣẹ́ ogójì èèyàn á lọ.

"A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ìyàwó wa," ni Àǹtí wí. "Má wojú ẹnikẹ́ni."

"Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe olè," mo fèsì. "Àmọ́ kò mọ bí ohun tó ń tà ṣe rí lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká lọ sí yàrá Alhaji."

Mo ṣílẹ̀kùn. Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ òtútù gbá wa lójú. Wọ́n ti gé búrẹ́dì jẹ. Búrẹ́dì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan dúró láàárín ojú eyín tó gé e, níbi tí àlàfo èjí wà. Òkèlè tí wọ́n tu dànù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, itọ́ ò tíì gbẹ lára ẹ̀.

"Yéè!" Àǹtí ké. "Eyín ẹ̀gbọ́n mi nìyí!"

Abdulmuiz sún mọ́ tábìlì. Ó bu ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti jẹ, ó jẹ ẹ́, omi bọ́ lójú ẹ̀.

"Ó korò, bí o ṣe wí. Ọdún méjì ni Bàbá ti ń bá mi ṣiṣẹ́ mi. Àǹtí, ẹ gba ipò ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n lọ kọ́ṣẹ́ nídìí ààrò, lábẹ́ Aneesah."

Mo dì mọ́ ọn níwájú ẹbí. Ìtìjú wo?

Àárọ̀ ọjọ́ yìgì, àwa méjèèjì gbé búrẹ́dì wọlé, fúláwà àtijọ́ tí Alhaji ń lò la fi ṣe é. A ti ilẹ̀kùn, a dúró níta. Nígbà tí a padà wọlé, odindi ló wà.

Mo bú sẹ́kún, àfi bí ẹni pé ọjọ́ yẹn gan-an ni Alhaji kú. Abdulmuiz dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá ẹ̀, ó bu búrẹ́dì náà sí méjì, ó na ìdajì sí mi.

"Jẹun, ìyàwó mi. Kò sẹ́ni tó máa bá wa tọ́ ọ wò mọ́."