Ẹni Tó Dákẹ́ Nínú Ìgbìmọ̀

Ọjọ́ tí Tádàwà kọ́kọ́ rí i, orí àga ló wà, ó ń bá fèrèsé jà. Òjò ti dé, atẹ́gùn sì ń gbé òjò náà wọ gbọ̀ngàn. Gbogbo iwájú aṣọ obìnrin náà ti rin gbindin, ó fi eyín di ṣọ́ọ̀kì mú kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè ráyè ti fèrèsé. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn obìnrin tó ń kọ́ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fa àga wọn sẹ́yìn. Tádàwà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú páálí ìwé lórí, omi ń kán tótó lára rẹ̀, ó sì gbàgbé pé páálí náà wúwo.

Nígbà tó yá, ó gbé e ka orí tábìlì tó sún mọ́ ọn jù. Ẹsẹ̀ tábìlì yẹ̀, ìwé fọ́n ká sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ara tábìlì yẹn ò yá," obìnrin náà wí, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga.

"Ẹ ò sọ fún mi, mà."

"Ẹ ò bi mí."

Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ṣa ìwé. Obìnrin náà wo ìka Tádàwà tó dúdú. "Ẹ̀yin lẹ tẹ àwọn ìwé yìí?"

"Ṣé ìka mi ti jẹ́wọ́ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ká ní mo láṣẹ ni, ibẹ̀ ni ǹ bá dá ìtàn yìí dúró sí, kí n fi wọ́n sílẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé tútù. Ṣùgbọ́n mi ò láṣẹ.

Tádàwà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà, nítorí ilé ìtẹ̀wé ló ní, dúdú tádàwà kì í sì í tán léèékánná rẹ̀. Obìnrin náà, Tíṣà ni wọ́n ń pè é. Àwọn tí owó máa ń pòórá mọ́ lọ́wọ́ ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe lè ṣètò rẹ̀, bí èyí tí wọ́n máa jẹ kò ṣe ní jẹ èyí tí wọ́n fẹ́ fi ṣòwò. Àjọ aláàánú kan ló gbà á síṣẹ́. Bàbá rẹ̀ ló dá àjọ náà sílẹ̀ nígbà tó fẹ̀yìn tì ní báńkì, òun náà sì ni alága ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀. Ìyá Tíṣà ti kú láti kékeré rẹ̀. Bàbá yìí ló dá a tọ́, tó ń di irun rẹ̀ ní ìdíkúdìí kó tó lọ sí báńkì.

Lẹ́yìn ọjọ́ òjò yẹn, ìwé tó yẹ kí Tádàwà kó wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, díẹ̀díẹ̀ ló wá ń kó o wá.

"Àbí ìwé yín ń bímọ lọ́nà ni?" Tíṣà bi í.

"Mọ́tò mi ò lè gbé e tán lẹ́ẹ̀kan."

"Mọ́tò tí mo rí níta yẹn lè gbé ilé."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ojú yín ni mo ń wá wò."

Tíṣà yíjú sí pátákó. Ó pa ohun tó kọ síbẹ̀ rẹ́, ó tún un kọ, ohun kan náà ló sì tún kọ. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn. Wọ́n ń jọ rìn lọ sílé nírọ̀lẹ́, ọ̀nà tí kò jìn á wá gùn mọ́ wọn lọ́wọ́, nítorí wọn ò kánjú dé ibì kankan.

Inú Alága náà dùn sí Tádàwà, ẹni tó ń tẹ ìwé fún àjọ láìgba èrè. Kò pẹ́ tó fi mú un wọ ìgbìmọ̀. Èèyàn dáadáa ló wà nínú ìgbìmọ̀ náà, ìyẹn gan-an ló ń dunni: dókítà eléyín kan, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, àti agbẹjọ́rò kan. Alága sì ní ìṣe kan. Kì í ní kí ẹnikẹ́ni nawọ́ sókè. Tó bá ti sọ tirẹ̀ tán, á wo ojú wọn yíká, á ní, "Ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀ ti gbà." Á dákẹ́ díẹ̀, á dé gègé ìkọ̀wé rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Gbogbo wọn fẹ́ràn ìṣe yìí torí ó ń jẹ́ kí wọ́n tètè lọ sílé.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé ọ̀rọ̀ owó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá. Ẹni tó bá parí ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Tíṣà a máa kó owó pa mọ́ lọ́dọ̀ àjọ díẹ̀díẹ̀, títí á fi tó ohun tó fẹ́ fi ṣe. Owó náà wà káàkiri ní báńkì mélòó kan. Alága ní ọ̀rẹ́ òun kan tí àwọn jọ ṣiṣẹ́ rí ti dá iléeṣẹ́ okòwò sílẹ̀, èrè tó ń san sì ju ti báńkì lọ fíìfíì. Bí àwọn bá kó gbogbo owó náà lọ síbẹ̀, èrè rẹ̀ á kọ́ gbọ̀ngàn mìíràn fún àwọn obìnrin òdì kejì ìlú. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n fún ayọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ má ṣe rò pé olè ni Alága. Ká ní olè ni, ọ̀rọ̀ yìí ìbá rọrùn.

Tádàwà wo tábìlì. Ìwé pélébé tí Tíṣà fi ń kọ́ni wà níwájú rẹ̀, ó sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ láìṣí i: má ṣe kó gbogbo owó rẹ sí ojú kan. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́, gàdàgbà gàdàgbà. Ó la ẹnu. Ó wá rántí pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an lòun lọ bá bàbá yìí pé òun fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀, tí bàbá sì ní, "Jẹ́ ká parí ìpàdé ná, ọmọ mi, a máa sọ̀rọ̀ tó bá dìrọ̀lẹ́." Ó pa ẹnu dé.

Òun nìkan kọ́. Dókítà eléyín mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń wo aago. Ọ̀gá ilé ìwé mọ̀, ṣùgbọ́n Alága ló dúró tì í nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Agbẹjọ́rò rò pé bó bá léwu, ẹlòmíràn á ti sọ ọ́. Ìgbìmọ̀ tó ń kọ́ ìlú nípa owó ni o. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu, Alága sì dé gègé rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Alága fi ọmọ rẹ̀ fún Tádàwà. Tíṣà sunkún ayọ̀ ní èjìká bàbá rẹ̀. Wọ́n ń gbèrò ibi tí wọ́n máa gbé, wọ́n ń jà lórí àwọ̀ ọ̀dà tí wọ́n máa fi kun yàrá. Iléeṣẹ́ ọ̀rẹ́ Alága wá ti ilẹ̀kùn pa lójijì. Ọ̀rẹ́ náà sá lọ, kò sì sí ẹni tó rí owó kankan gbà níbẹ̀.

Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Màmá Ẹlẹ́yin. Dírẹ́bà ni ọkọ rẹ̀, àìsàn kan sì ń jẹ ojú ọkùnrin náà. Dókítà ojú ti sọ pé bí wọn ò bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ojú náà á kú pátápátá. Owó iṣẹ́ abẹ yẹn ló ń kó pa mọ́ lọ́dọ̀ àjọ. Nígbà tó wá gbà á, àjọ ní kó ní sùúrù. Ó ní sùúrù títí tí ojú fi kú.

Nígbà tó padà wá, kò pariwo. Ó fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọ gbọ̀ngàn, ó mú un jókòó síwájú Tíṣà. "Mo mú un wá kó lè kí yín," ó wí. "Kò rí yín o."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Tíṣà fẹsẹ̀ rìn dé ilé ìtẹ̀wé, ó dúró síwájú Tádàwà.

"Ọjọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n kó owó yẹn lọ, ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Kí lo sọ?"

"Mi ò sọ nǹkan kan."

"O mọ̀ pé kò dáa?"

"Mo mọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo lọ tọrọ rẹ lọ́wọ́ bàbá. Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá ta kò wọ́n, wọn ò ní gbà. Nítorí rẹ ni."

Tíṣà wò ó títí. "Ṣé ojú ọkùnrin yẹn wá lo fi rà mí?" Ó yíjú, ó jáde. Tádàwà kò tẹ̀ lé e, ojú ń tì í.

Alága pe ìpàdé mìíràn. Ó ti rù. Ó ní kí ìgbìmọ̀ sọ fún ìlú pé akápò àjọ ló kó owó náà lọ síbẹ̀ láìgbàṣẹ. Àgbàlagbà ni akápò, òṣìṣẹ́ àjọ lásán ni, kò ṣe ju ohun tí wọ́n rán an lọ. Alága wo ojú wọn yíká. "Ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀..."

"Mi ò gbà, sà," ni Tádàwà wí.

"Tó o bá ṣí ẹnu yẹn níta, gbàgbé ọmọ mi."

"Òun ti gbàgbé mi, sà."

Ọjọ́ kejì, Tádàwà dúró níwájú àwọn obìnrin náà nínú gbọ̀ngàn, ó sọ bó ṣe rí gan-an, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ara rẹ̀. Wọ́n bú u. Ẹnì kan tutọ́ sí i lára, kò nù ún. Tíṣà wà lẹ́yìn níbẹ̀, ó ń sunkún, kò sì mọ ẹni tí òun ń sunkún fún nínú gbogbo wọn.

Tádàwà ta ẹ̀rọ ńlá tó fi ń tẹ̀wé, ó kó owó rẹ̀ fún àwọn obìnrin náà. Ojú ti àwọn yòókù nínú ìgbìmọ̀, wọ́n mú díẹ̀díẹ̀ wá, àfi agbẹjọ́rò tó kó kúrò nílùú. Owó náà kò pé, kò sì jọ pé yóò pé láéláé. Alága ti ara rẹ̀ mọ́lé. Tíṣà ń se oúnjẹ fún un, ó ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò dárúkọ Tádàwà mọ́, kò sì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Tíṣà lọ sí ilé ìwòsàn lọ gba oògùn bàbá rẹ̀. Ó bá Tádàwà àti ọkọ Màmá Ẹlẹ́yin lórí bẹ́ǹṣì. Ojú tó ti kú náà ṣì ń dun ọkùnrin náà, Tádàwà ló sì ń fi mọ́tò gbé e wá gba ìtọ́jú. Bàbá Dírẹ́bà ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, ó ń bá Tádàwà wí.

"O ń tẹ bíréèkì jù. Bí ẹni ń tẹ eèrà."

"Mo gbọ́, sà."

"O ò gbọ́. Bó o ṣe wí ní Sátidé tó kọjá nìyẹn."

Tíṣà dúró sẹ́yìn wọn, kò jẹ́ kí wọ́n rí òun. Ó ti gbìyànjú títí láti kórìíra Tádàwà, kò ṣeé ṣe fún un. Ìfẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ bó ṣe wà, ó ń dùn ún. Ó tibẹ̀ lọ sí ìsọ̀ Màmá Ẹlẹ́yin.

"Mo ṣì fẹ́ fẹ́ ẹ, màmá. Mi ò lè ṣe é láìkọ́kọ́ wá bá yín."

Obìnrin náà ń to ẹyin rẹ̀ lọ. "Ṣé ẹ fẹ́ kí n ní mo ti dárí jì yín ni?"

"Rárá, mà."

"Mi ò tíì dárí jì yín. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n kó owó mi síbẹ̀. Bóyá mi ò ní lè dárí jì yín láéláé." Ó mú ẹyin kan, ó wò ó, ó gbé e sọ́tọ̀. "Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń dá gbé, ṣé ọkọ mi á fi ríran ni? Ẹ lọ fẹ́ra yín. Ẹ ṣá má pè mí síbẹ̀."

Ní ilé ìtẹ̀wé, àyè ẹ̀rọ ńlá náà ṣófo gbàgẹ̀dẹ̀. Tádàwà ń fi ẹ̀rọ kékeré tẹ ìwé ìsìnkú fún ẹnì kan. Ó dìde nígbà tó rí Tíṣà.

"Ó ní òun ò tíì dárí jì wá," Tíṣà wí.

"Wá? Ìwọ ò ṣe nǹkan kan."

"Èmi ni mo ní kí wọ́n fọkàn tán wa. Má ní ìwọ nìkan lo ni ẹ̀bi náà." Ó mú ọwọ́ rẹ̀, tádàwà sì kùn ún lọ́wọ́. "Gbèsè la máa fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ò ní wá. Kò ní dùn bá a ṣe rò ó."

"Mo mọ̀."

"Ṣé o ṣì fẹ́ mi bẹ́ẹ̀?"

"Tíṣà mi," ó wí, ó sì bú sẹ́kún.

Ní ọ́fíìsì ìgbéyàwó, akápò àti ọ̀gá ilé ìwé ló jẹ́rìí fún wọn. Bàbá kò wá. Ọ̀gá ọ́fíìsì ti ṣí ìwé nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí Màmá Ẹlẹ́yin wọlé, ó fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Òun ló ní dandan ni," ó wí, ojú rẹ̀ le koko. "Ọ̀nà ni mo wá fi hàn án."

Wọ́n jókòó sẹ́yìn. Ọ̀gá ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó máa ń kà. Bàbá Dírẹ́bà rò pé òun ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo yàrá ló gbọ́ ọ.

"Kí ni ìyàwó wọ̀?"

Màmá Ẹlẹ́yin ń wo ilẹ̀. Ọkọ rẹ̀ dúró dè é.

"Búláòsì funfun," ó wí níkẹyìn. "Síkẹ́ẹ̀tì dúdú. Èyí tí wọ́n fi máa ń kọ́ wa."

"Ó yẹ ẹ́?"

"Ó yẹ ẹ́."

"Ọkọ ńkọ́?"

"Ó ń sunkún."

"Ìyàwó wá ń wò ó?"

"Ó ti dì í lọ́wọ́ mú."

Ọkùnrin náà mi orí. "Máa sọ ọ́ lọ," ó wí. Obìnrin náà sún mọ́ etí rẹ̀, ó sì ń sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé tán.