Àpò Káàdì Tí Wọ́n Fẹ́ Sun

"Dìde lórí àpò yẹn!" ọ̀gá àkọsílẹ̀ jágbe.

Ọmọbìnrin náà ò dìde. Ńṣe ló tún ìdí jókòó dáadáa. Agídí ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì, orúkọ sì ń ro ọmọ.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi ìsinmi ṣiṣẹ́ ní yàrá àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn tí ìyá rẹ̀ ti ń nulẹ̀. Wọ́n ti pa ilé ìwòsàn kékeré mẹ́ta pọ̀ di ọ̀kan, gbogbo káàdì aláìsàn wọn sì gbọ́dọ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Ọ̀gá àkọsílẹ̀ ti ṣèlérí pé ẹni tó bá yára jù lòun máa kọ lẹ́tà fún láti fi wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì.

Àṣẹ tó pa fún wọn ò ju ẹyọ kan lọ: bí orúkọ àti ọdún ìbí bá ti bára mu lórí káàdì méjì, ẹnì kan náà ni. Kí wọ́n tẹ ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n ju èkejì sínú àpò. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa sun àwọn àpò náà.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Agídí rí obìnrin méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan jẹ́ O, ti èkejì jẹ́ B. Ọ̀kan ti bímọ mẹ́rin, èkejì ò tíì bí rárá.

"Ju ọ̀kan nù jàre," ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ. "Mo ti ṣe irinwó, ìwọ ò tíì ṣe ọgọ́rùn-ún. Lẹ́tà yẹn á fò ẹ́ dá o."

"Tí wọ́n bá lọ fa ẹ̀jẹ̀ B sí ẹlẹ́jẹ̀ O lára ńkọ́?"

"Ṣé ìwọ ni dókítà ni?"

Agídí lọ bá ọ̀gá, àmọ́ ọ̀gá ò gbọ́. Ìgbà yẹn ló lọ jókòó lé àpò.

Ọ̀gá ní kí wọ́n pe ìyá rẹ̀ wá. Ìyá sáré wọlé, omi ìnulẹ̀ ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi, mo bẹ̀ ẹ́. Ibí yìí la ti ń jẹun."

Omi bọ́ lójú Agídí. "Ẹ má bínú, màámi. Káàdì tiyín náà lè wà nínú àpò yìí."

Ìyá wò ó títí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó sì jókòó lé àpò kejì.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pe dókítà àgbà," ìyá sọ.

Dókítà àgbà dé, ó fa ogún káàdì yọ nínú àpò, ó sì fi wọ́n wé èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Méje nínú wọn kì í ṣe ti ẹni tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ọmọdé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti fi bírò pupa kọ ọ́ sí káàdì rẹ̀ pé abẹ́rẹ́ kan lè pa á. Kọ̀ǹpútà ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

"Mo kàn fẹ́ kó tètè parí ni, mà," ọ̀gá sọ, ó ń wolẹ̀.

"Kí lo fẹ́ kó parí? Iṣẹ́ ni àbí èèyàn?"

Wọn ò sun àpò kankan. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, káàdì kọ̀ọ̀kan, èèyàn kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ò kọ lẹ́tà fún ẹnikẹ́ni, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ọ̀rẹ́ Agídí ò sì fi kí i. Kò dùn mọ́ Agídí nínú, àmọ́ kò kábàámọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí àgbà bá sì pàṣẹ ohun tó lè gbẹ̀mí ẹlòmíì, ẹ bọ̀wọ̀ fún un, àmọ́ ẹ má ṣe é.